Ọ̀pá Òkè Kẹ̀kẹ́ Tí O Fẹ́ Gùn Lọ sí Oǹdó

Ilé, ní Ìkòròdú.

Délé, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì kí ọ, mi ò tíì béèrè àlàáfíà rẹ, nítorí bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, màá fi ìkíni bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe lórí fóònù, wàá sì ní, "Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀, Màmá," wàá sì pa fóònù. Ìwé ni mo wá kọ, nítorí kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹ̀rù irin kan ṣoṣo ló ń bà mí: ọ̀pá tó wà lókè kẹ̀kẹ́ ológeere tí o fẹ́ rà yẹn, èyí tó ti abẹ́ ìjókòó nà tààrà lọ bá ọwọ́ rẹ̀ níwájú. Mo ń se ọbẹ̀, òun ni mò ń rò. Mo kúnlẹ̀ àdúrà, òun ló dábùú mi lẹ́nu.

Wàyí o, báwo ni, ọkọ mi? Ṣé ara le? Bùnmi àbúrò rẹ ń kí ọ. Òun ló fi àwòrán kẹ̀kẹ́ méjèèjì tí o fi ránṣẹ́ sí i hàn mí. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ pé, "Bọ̀dá Délé fẹ́ ra kẹ̀kẹ́," inú mi dùn. Mo rò pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó èrò ni, pé o fẹ́ gbé e fún ẹnì kan kó máa bá ọ fi ṣiṣẹ́. Mo ti sọ fún Ìyá Rukayat tó ń gbé ìyàrá kejì, ó ti bá mi dúpẹ́, ó ti ní kí o máa gbé òun lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́. Ni Bùnmi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tó ń di ògiri mú: "Màmá, ológeere ni o! Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò máa fi wà á, láti Èkó dé Oǹdó, tòun ti gbogbo ẹrù rẹ̀." Mo jókòó sórí àwo ẹ̀fọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já tán.

Iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Oǹdó, mo ti fi orin dúpẹ́ rẹ̀, mi ò sì ní kí o má lọ. Ìwọ lo ní o kò ní wọ mọ́tò. O ní o fẹ́ fi ojú ara rẹ rí ọ̀nà kí iṣẹ́ tó dè ọ́ mọ́lẹ̀, kí o gba Agbowa, kí o gba Ẹ̀pẹ́, kí o sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí o máa lọ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. A ti jà lórí ìyẹn, o sì borí mi. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí kéré: nínú kẹ̀kẹ́ méjèèjì, ra èyí tí ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, tí ẹsẹ̀ lè gba àárín rẹ̀ kọjá láì ga.

Mo mọ èsì rẹ. O ti sọ ọ́ fún Bùnmi. "Kẹ̀kẹ́ obìnrin nìyẹn, jàre."

Délé, mo rí ọ. Lọ́jọ́ tí mo sìn ọ́ dé Èbúté tí o fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, o rò pé ẹja ni mò ń yẹ̀ wò. O dé etí ọkọ̀, o fi ọwọ́ méjèèjì di itan ọ̀tún rẹ mú, o gbé e bí ẹni gbé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, o fi í sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà o bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí ọ. Mo yára kọjú sí ẹlẹ́ja, mo ń bi í léèrè ẹja tí mi ò fẹ́ rà. Itan rẹ tí ọ̀kadà ṣe léṣe yẹn, o sọ fún gbogbo wa pé ó ti san. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi náà dákẹ́ lọ́jọ́ náà, mo jẹ̀bi. Mo ń sọ ọ́ báyìí kó tó pẹ́ jù. Itan tí kò lè dá gun etí ọkọ̀, báwo ni yóò ṣe gba orí ẹrù kọjá?

Mo sì ní irọ́ kan láti jẹ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń fi ìka tọ ibi tí ọrùn ọwọ́ òsì mi ti tẹ̀, wàá ní, "Màmá, kí ló ṣe é?" Màá ní ọmọ odó ló jábọ́ lù ú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kẹ̀kẹ́ ni.

Ìwé kẹrin ni mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ní Ẹ̀pẹ́. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi ga, ọ̀pá rẹ̀ nípọn. Òun ni gbogbo àwa ọmọ ilé fi kọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ wa kò tíì tó: wàá ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ ọ̀pá kọjá, ìdí rẹ á wà níhìn-ín, kẹ̀kẹ́ á wà lọ́hùn-ún, wàá máa lọ ní ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́ bí akàn. Nígbà tí mo ga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹsẹ̀ gba ẹ̀yìn bí ọkùnrin, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Àǹtí Mójì, àbúrò bàbá mi, agbẹ̀bí ni. Òun ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrùn lékèélékèé, ó ń fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ gùn ún, aṣọ kì í kọ́ nǹkan kan.

Ìyá mi ní kí n gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Agbowa nígbà ìsinmi. Wọ́n dì í sórí kàríà ẹ̀yìn, ó ga dé èjìká mi.

"Àṣàkẹ́, gbé tèmi," Àǹtí Mójì ní. "Tìẹ yẹn kò ní jẹ́ kí o rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí."

"Àǹtí, mi ò tíì bímọ. Kí ni n ó fi kẹ̀kẹ́ ìyá-ọmọ ṣe?"

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Ẹnu rẹ ni yóò gùn ún, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló bá mi di kẹ̀kẹ́ mú tí mo fi gùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà, ibẹ̀ ni kí o fetí sí. Ẹni tó ń bá ọ di kẹ̀kẹ́ mú nílé kì í bá ọ dé ojú ọ̀nà. Mo lọ dáadáa. Mo ń kọrin. Ó kù díẹ̀ kí n dé Agbowa, ewúrẹ́ mẹ́ta bọ́ sójú ọ̀nà, mo tẹ búréèkì, kẹ̀kẹ́ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, agbọ̀n dúró bí ògiri. Mo fẹ́ gbé e gba iwájú, ọ̀pá wà níbẹ̀, etí yẹ̀rì mi sì ti kọ́ imú ìjókòó. Ẹsẹ̀ kejì kò balẹ̀ dáadáa. Èmi àti irin àti ẹja, gbogbo wa wó sí àárín títì, ọrùn ọwọ́ òsì mi kán lábẹ́ mi, ọ̀pá náà há ẹsẹ̀ mi mọ́ ilẹ̀. Típà oníyanrìn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Awakọ̀ yà sínú igbó. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gba orí agbọ̀n. Mo gbọ́ bí ẹja gbígbẹ ṣe ń fọ́ létí mi báyìí, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń rún gúgúrú. Kò jìnnà tó gígùn apá kan sí orí mi, Délé. Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó ń lu itan ara rẹ̀: "Ta ló ní kí o gun kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ? Ṣé ẹ ò ní òmíràn nílé ni?" A ní òmíràn nílé.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn báyìí, ohun tí mo rí níbẹ̀ kò dùn mọ́ mi. O rántí Tíṣà tó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá? Ọkùnrin gíga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò ṣe dáadáa, ó ń gun kẹ̀kẹ́ tí ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀. Èmi tí mo ti mọ ohun tí ọ̀pá òkè ń ṣe, èmi náà ni mo máa ń pariwo pé, "Ìyá Tíṣà, ẹ kú ọ̀nà o!" Òun á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ọkọ mi!" Gbogbo ìta á bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, o rẹ́rìn-ín títí omi tí ò ń mu fi gba imú rẹ jáde. Èmi ni mo fi "kẹ̀kẹ́ obìnrin" sí ọ lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, jẹ́ kí n yọ ọ́. Irin ò ní akọ, irin ò ní abo.

Mo ti kọ "ẹ jọ̀ọ́" sí ọmọ mi. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rù ń fi mí ṣe.

Mi ò fẹ́ kí o sọ pé ìyá rẹ ò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́, nítorí náà mo lọ bá Bàbá Ráfíù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lẹ́yìn ọjà. Mo fi àwòrán hàn án.

"Ìyá Délé! Ẹ̀yin náà ń lọ sí Oǹdó?"

"Ọmọ mi ni. Èyí tó lọ́pàá yẹn ni mi ò fẹ́."

"Áà, ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà yín! Kí lẹ ṣe?"

Mo ní kó dáwọ́ ẹ̀fẹ̀ dúró, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ mi ni. Ó nu ọwọ́, ó wo àwòrán pẹ́. Òtítọ́ tó sọ fún mi kò sì tù mí nínú. Ó ní èyí tí kò lọ́pàá lókè, bí irin rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tí ènìyàn bá wá di gbogbo ẹrù sẹ́yìn, yóò máa mì bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ, pàápàá bó bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọ̀pá òkè yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ó ní, òun ló ń di iwájú mọ́ ẹ̀yìn.

"Ǹjẹ́ kí ni kí n ṣe, Bàbá Ráfíù? Èyí ń gbé ni ṣubú, èyí ń mì."

"Ẹ dúró ná kẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń mì."

Ohun tó kọ́ mi ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí. Mo fi tèmi kún un.

Èkíní. Wo irin tó wálẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ọ̀kan tó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ tí kò nípọn, fi í sílẹ̀, ti ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ọ̀kan tó nípọn gan-an ló dára, tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ti ọrùn kẹ̀kẹ́ sáré wálẹ̀ tààrà títí dé ibi tí wọ́n ti de táyà ẹ̀yìn. Ó ní èyí tó wà nínú àwòrán rẹ nípọn, ṣùgbọ́n ojú fóònù kì í ṣe ojú. Di ìjókòó mú lọ́wọ́ kan, di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú lọ́wọ́ kejì, kí o lọ́ ọ bí ẹni fẹ́ fún aṣọ. Bó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀, má rà á.

Ìkejì. Má kó ẹrù sẹ́yìn nìkan. Pín in. Àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, méjì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iwájú, kí ọ̀tún àti òsì wúwo dọ́gba, kí ohun tó wúwo jù wà nísàlẹ̀. Ìwé rẹ, sítóòfù rẹ, ìsàlẹ̀ ni. Àgọ́ tí o ní o fẹ́ gbé dání àti aṣọ lè wà lókè. Mo sì mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ kó gbogbo ìwé rẹ. Fi ìdajì ránṣẹ́ nínú mọ́tò. Ìwé kì í bínú.

Ẹ̀kẹta, èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ lọ́kàn mi. Kì í ṣe lílọ ló ń pa oníkẹ̀kẹ́ elẹ́rù, dídúró ni. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń lọ, ó ń gbé ara rẹ̀. Ìgbà tí ihò bá yọ sí ọ, tí ewúrẹ́ bá bọ́ síta, tí típà bá fọn fèrè lẹ́yìn rẹ, tí o gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ìgbà yẹn ni ọ̀pá yẹn ń fi ẹni tó jẹ́ hàn ọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ìjókòó rẹ kalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ á fi lè kan ilẹ̀ ní kíá.

Bàbá Ráfíù ní kẹ̀kẹ́ kan tó wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó so àpò gàrí méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ gùn ún, kí ẹ fi ara yín mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ ẹja yẹn, mi ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Mo so ìró mi le. Ẹsẹ̀ mi gba àárín kọjá bí ẹni ń wọ ilé. Mo yí àyíká ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn aláta tó wà níbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́, "Ìyá Délé, ẹ rọra, ẹ ò ní ìwé ìwakọ̀!" Ní ìyípo kejì, Bàbá Ráfíù dédé kígbe lẹ́yìn mi pé, "Típà ń bọ̀!"

Kó tó pa ẹnu dé, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti wà nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró láàárín wọn, àpò gàrí kò mì. Mo kàn dúró síbẹ̀ tí mò ń sunkún. Wọ́n rò pé ó dẹ́rù bà mí jù ni, wọ́n ń bu Bàbá Ráfíù tó parọ́ típà láti dán mi wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń ronú pé ẹsẹ̀ mi ì bá ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀kẹrin, má sọ fún mi pé wàá máa ti ẹ̀gbẹ́ kejì gun ọlọ́pàá yẹn, kó lè jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ni wàá jù kọjá. Mo ti rò ó ṣáájú rẹ. Bí o bá gbé òsì, ọ̀tún tó ń dùn ọ́ ni yóò dá gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ àti ẹrù dúró. Má sì sọ pé wàá máa wá òkúta gùn lé. Òkúta wo ló wà láàárín Ìtòíkín àti Ẹ̀pẹ́ tó ń dúró de Délé?

Ìyókù, o mọ̀ wọ́n. Jẹ́ kí búréèkì gbọ́ràn nínú òjò. Wọ aṣọ tó ń tàn. Bí àwọn típà bá pọ̀, sọ̀ kalẹ̀ kí o máa tì í, kò sẹ́ni tó ń ka iye ibi tí o ti rìn. Kí oòrùn tó wọ̀, kí o ti wà nínú ilé. Jẹun. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Àti itan yẹn, lọ fi han dókítà kí o tó kúrò l'Ékòó, kì í ṣe tí o bá dé Oǹdó. Bí wọ́n bá ní kó o sinmi, sinmi. Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́, ènìyàn ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe ẹni tó fi ẹsẹ̀ dé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín rẹ lọ́nà, mo mọ̀ pé wọn ó rẹ́rìn-ín, ṣí fìlà fún un kí o máa lọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín Tíṣà, èmi ni olórí wọn, ojú ló ń tì mí báyìí. Ojú kò ti Tíṣà rí.

Bùnmi ní Sátidé tó ń bọ̀ lo fẹ́ lọ rà á. Mo bẹ̀ ọ́, kí o tó mú èyíkéyìí, ní kí wọ́n gbé méjèèjì síta. Di àpò rẹ àti àgọ́ rẹ mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́pàá náà, kí ẹnikẹ́ni má bá ọ dì í mú. Gùn ún, kí o sọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kí o wá ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èkejì. Kọ ohun tí itan rẹ sọ fún ọ sí mi, má kọ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, màá gbà, ẹ̀rù mi á sì di tèmi nìkan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o gbé, Délé Àkànní. Èmi ni mo bí ọ; mo mọ̀ pé òsì ni wàá fẹ́ gbé.

Má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́. Kọ̀wé sí mi kí Sátidé tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.